Báwo ni mo ṣe lè fi han kíláàsì mi pé 2,147,483,647 kò ṣé pín?

Olùkọ́ Kékeré

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, akẹ́kọ̀ọ́ 31 ló sì wà nínú kíláàsì tí mo ń kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń ṣàlàyé nọ́ńbà àkọ́kọ́, èyí tí àwọn olùkọ́ tiwa máa ń pè ní prime, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ fún òun pé 2,147,483,647 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì bi mí pé ta ló jókòó pín in wò títí tó fi mọ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé n kò ní èsì kankan ju pé fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ń wá ọ̀nà tí àwọn ọmọ yóò fi rí i fúnra wọn láàárín ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú. Èmi alára ti fi 3, 5, 7, 11 àti 13 bẹ̀rẹ̀, mo ń bá a lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé 211, ó sì sú mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Oníkóòdù Èkó

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ nọ́ńbà yìí bí ẹni mọ owó. Bí kọ̀ǹpútà bá fi bíìtì 32, ìyẹn àyè 32 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 0 tàbí 1, tọ́jú nọ́ńbà odidi kan, tó sì ya bíìtì kan sọ́tọ̀ fún àmì tó ń fi hàn bóyá nọ́ńbà náà wà lókè òdo tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, bíìtì 31 ló kù, nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè wọ inú rẹ̀ sì ni 2^31 − 1, ìyẹn 2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó sọ ara wọn di púpọ̀, tí a wá yọ 1 kúrò, èyí tó jẹ́ 2,147,483,647. Ní ọdún 2014, òǹkà fídíò kan lórí YouTube fẹ́ kọjá rẹ̀, wọ́n sì ní láti fẹ àyè rẹ̀ lójú. Bákan náà, àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń fi bíìtì 32 ka ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970 yóò kún dé ẹnu ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2038, nígbà tí aago tiwa ní Nàìjíríà bá lu mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú àáyá méje láàárọ̀ kùtù.

Mo gbà pé ìdí tí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà fi yàn án ni pé kò ṣé pín. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ, ó tó.

Bàbá Oníṣirò

Oníkóòdù, o ṣeun, àlàyé bíìtì rẹ dára, ṣùgbọ́n ibi tí o parí ọ̀rọ̀ sí kò gún. Kò sẹ́ni tó yàn án nítorí pé kò ṣé pín. Ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni. Bíìtì 16 ló wà ṣáájú bíìtì 32, òpin tirẹ̀ sì ni 2^15 − 1, èyí tó jẹ́ 32,767. Bí o bá fi 7 sọ 31 di púpọ̀, tí o tún fi 151 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, òun náà ni wàá rí. Òpin bíìtì 64, ìyẹn 2^63 − 1, ṣé pín pẹ̀lú 7 àti 127. Ohun tó fà á ni pé 15 fúnra rẹ̀ ṣé pín sí 3 àti 5, nítorí náà 2^3 − 1, tó jẹ́ 7, àti 2^5 − 1, tó jẹ́ 31, gbọ́dọ̀ pín 2^15 − 1 láìṣẹ́kù. Ọ̀nà kan náà ni 2^63 − 1 gbà. Nọ́ńbà tí a gbé sórí 2 gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ kí ìrètí kankan tó wà, 31 sì jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí iṣẹ́ yín. Ohun tó sú yín ní 211 ni pé ẹ ń pe gbogbo ìlú wá sí ilé ẹjọ́, nígbà tó jẹ́ pé àwọn díẹ̀ péré ni ẹ̀sùn lè kàn. Ẹ kọ́kọ́ fi ibi tí iṣẹ́ yóò dúró sí han àwọn ọmọ. 46,341 tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ jẹ́ 2,147,488,281, èyí ti kọjá nọ́ńbà wa. Bí nọ́ńbà wa bá jẹ́ èsì A lọ́nà B, A àti B kò lè jọ ju 46,340 lọ, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kéré sí i tàbí kó bá a dọ́gba. Nítorí náà, kò sí ìdí láti wá olùpín kankan kọjá ibẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà láti 2 dé ibẹ̀ jẹ́ 4,792. Ìyẹn ṣì pọ̀ jù fún ọmọ girama, ó sì pọ̀ jù fún èmi náà.

Ibi tí adùn rẹ̀ wà rèé. Ẹ mú 23, kí ẹ máa sọ 2 di ìlọ́po, kí ẹ sì máa kọ àṣẹ́kù sílẹ̀ bí ẹ bá ti fi 23 pín in: 2, 4, 8, 16, 9, 18, 13, 3, 6, 12, 1. Lẹ́yìn 1, yóò tún padà sí 2, yóò sì máa yí po bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà ọrọọrún tí kì í yẹ ọjọ́ tirẹ̀. Ìgbésẹ̀ 11 ni àyípo ti 23. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ kọ̀ọ̀kan tó ju 2 lọ ló ní àyípo tirẹ̀. Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé, sì ti kíyè sí i ní ọdún 1640 pé gígùn àyípo yìí máa ń pín nọ́ńbà náà dín ní 1 láìṣẹ́kù. Ẹ wò ó: 23 dín ní 1 jẹ́ 22, 11 sì pín 22.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ kan wà tó pín 2^31 − 1 láìṣẹ́kù. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé ìlọ́po 2 kẹ́rìnlélọ́gbọ̀n dín mẹ́ta, ìyẹn 2^31, fi 1 ṣẹ́kù lọ́dọ̀ rẹ̀, pé ọjọ́ ọjà rẹ̀ bọ́ sí ìgbésẹ̀ 31 gẹ́lẹ́. Àyípo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pín 31, ṣùgbọ́n 31 kò ṣé pín, nítorí náà àyípo náà jẹ́ 31 gan-an. Bí 31 bá pín nọ́ńbà náà dín ní 1, tí 2 náà sì pín in nítorí pé nọ́ńbà wa kì í ṣe ìlọ́po 2, a jẹ́ pé 62 pín in. Olùpín yòówù tí ẹ bá ń wá, ìlọ́po 62 tí a fi 1 kún ni: 63, 125, 187, 249, 311 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé 3, 5, 7 títí dé 211 tí ẹ fi pín in, kò sí ọ̀kan tó tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wọlé.

A tún lè dín in sí ìdajì. Bí 2^31 bá fi 1 ṣẹ́kù, 2^32 yóò fi 2 ṣẹ́kù, 2^32 sì ni 2^16 tó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí irú èyí lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí 2 fi jẹ́ àṣẹ́kù nọ́ńbà kan tó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, gbọ́dọ̀ fi 1 tàbí 7 ṣẹ́kù bí a bá fi 8 pín in. Ẹ̀rí èyí ju ọgbọ́n girama lọ, ẹ kàn sọ fún wọn pé wọn yóò pàdé rẹ̀ ní yunifásítì. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyọkúrò náà ni ìlọ́po 248 tí a fi 1 kún, àti ìlọ́po 248 tí a fi 63 kún. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 249 dé 46,129, ó sì jẹ́ 186. Ti kejì bẹ̀rẹ̀ láti 311 dé 46,191, òun náà jẹ́ 186. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 372.

Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó lẹ ní ẹ ní? Bí ẹ bá pín 372 fún 31, méjìlá-méjìlá ni yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. N kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ wá a, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú làákàyè, Bàbá. N kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi méjèèjì ń ṣe ìdánwò lọ́dún yìí, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú wọn. Ìbéèrè Táíwò ni pé bí 31 bá jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, tí 2^31 − 1 náà sì jẹ́ ọ̀kan, kí ló dé tí a ò kúkú gbà pé gbogbo wọn rí bẹ́ẹ̀, kí á sì sinmi?

Àdùkẹ́ Òkè-Òkun

Ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ, Mà. Ẹ sọ fún Táíwò pé àwọn àgbàlagbà tó gbọ́n ti ṣubú síbi tí òun fẹ́ gbà kọjá. Kó mú 11, kó ṣe 2^11 − 1, yóò rí 2,047, èyí tó jẹ́ 23 lọ́nà 89. Kó sì wo àrà tó wà nínú rẹ̀: 23 jẹ́ 22 tí a fi 1 kún, 89 jẹ́ 22 lọ́nà mẹ́rin tí a fi 1 kún, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ ọ́ fún 62.

Pietro Cataldi, ọmọ Ítálì, fi ẹ̀rí hàn ní ọdún 1588 pé 2^17 − 1 àti 2^19 − 1 kò ṣé pín, ó sì tún sọ láìsí ẹ̀rí pé ti 23, 29, 31 àti 37 náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 31 nìkan ló bá a mu. Fermat rí i pé 47 pín 2^23 − 1, ó sì rí i pé 223 pín 2^37 − 1. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, ló wá rí i pé 233 pín 2^29 − 1. Àlùfáà ọmọ Faransé tó ń jẹ́ Marin Mersenne, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe irú nọ́ńbà yìí, kọ àkójọ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1644 títí dé 257. Ó fi 67 àti 257 sí i, wọn kò sì yẹ níbẹ̀. Ó fo 61, 89 àti 107, wọ́n sì yẹ níbẹ̀. Ẹni tó fi ẹ̀rí gbé 31 kalẹ̀ ni Euler yìí kan náà, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò ìdílé Bernoulli ní ọdún 1772. Ní àkókò yẹn, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán pátápátá. Ìlọ́po 248 tí a fi 1 kún àti èyí tí a fi 63 kún tí Bàbá fún wa yìí gan-an ni Euler lò.

Ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní ọdún 1811, Peter Barlow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé nọ́ńbà pípé tí a bá rí láti ara 2^31 − 1 ni yóò tóbi jù títí ayé, nítorí pé nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tí yóò tún yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá èyí tó jù ú lọ. Nọ́ńbà pípé ni èyí tí àwọn olùpín rẹ̀ tó kéré sí i, tí a bá kó wọn jọ, yóò jẹ́ òun fúnra rẹ̀, bí 6 ṣe jẹ́ 1 àti 2 àti 3. Ti 2^31 − 1 jẹ́ 2,305,843,008,139,952,128. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Luke Durant ní Amẹ́ríkà rí 2^136,279,841 − 1, èyí tí dígíìtì rẹ̀ jẹ́ 41,024,320.

Olùkọ́ Kékeré

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹni iyì. Mo ti kọ nọ́ńbà 372 náà sílẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni 3, 5 tàbí 7 lè pín, nítorí náà wọn kì í ṣe nọ́ńbà àkọ́kọ́, a sì lè fagi lé wọn ká tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro mi ni pé ìdajì àwọn ọmọ ló ní ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tí kò gbà ju dígíìtì mẹ́jọ lọ. Nọ́ńbà wa ní dígíìtì mẹ́wàá, ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Bàbá Oníṣirò

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà àyípo. Wọn yóò wá àṣẹ́kù 2^10 lọ́dọ̀ olùpín tí wọ́n ń dán wò, wọn yóò sọ àṣẹ́kù yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ láti dé 2^20, wọn yóò tún fi àṣẹ́kù 2^10 sọ ọ́ di púpọ̀ láti dé 2^30, lẹ́yìn náà wọn yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí èyí tó kẹ́yìn bá fi 1 ṣẹ́kù, olùpín náà pín nọ́ńbà wa. Bí kò bá jẹ́ 1, kò pín in.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ti 311 lójú yín. 2^10 jẹ́ 1,024. Yọ 311 lọ́nà mẹ́ta kúrò, ó ku 91. 91 tó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ jẹ́ 8,281. Yọ 311 lọ́nà 26 kúrò, ó ku 195. 195 lọ́nà 91 jẹ́ 17,745. Yọ 311 lọ́nà 57 kúrò, ó ku 18. Ìlọ́po méjì 18 jẹ́ 36. Kì í ṣe 1, nítorí náà 311 kò pín in. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ gba dígíìtì mẹ́wàá lè yẹ̀ ẹ́ wò: 311 lọ́nà 6,905,092 tí a fi 35 kún jẹ́ 2,147,483,647, 35 sì ni 36 dín ní 1. Kí àwọn ọmọ tó rí èyí tó pín ní tòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe 47 pẹ̀lú 2^23: 1,024 fi 37 ṣẹ́kù, 37 tó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ fi 6 ṣẹ́kù, 6 lọ́nà 8 jẹ́ 48, 48 sì fi 1 ṣẹ́kù. Ohun tí Fermat rí nìyẹn, ìlà mẹ́ta péré.

Ẹ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ kékeré ní àwọn olùpín tí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kí àwọn tó ní ẹ̀rọ ńlá gba ìyókù, nítorí pé nọ́ńbà tí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tó bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kì í kọjá dígíìtì mẹ́jọ. Mo tún ní láti tún ọ̀rọ̀ mi òkè ṣe: níbi tí mo ti kọ "kẹ́rìnlélọ́gbọ̀n dín mẹ́ta", ìlọ́po kọkànlélọ́gbọ̀n ni mo ní lọ́kàn. Ọgbọ́n ìkà Yorùbá ló gbé mi lọ.

Àdùkẹ́ Òkè-Òkun

Bí àyè bá ṣẹ́kù ní ọjọ́ kejì, ọ̀nà míì wà tí kò wá olùpín kankan rárá, èyí tí Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé, gbé jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí D. H. Lehmer sì wá tún ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ mú àṣẹ́kù, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Fún 127, tó jẹ́ 2^7 − 1, ìgbésẹ̀ márùn-ún ni: 14, 67, 42, 111, lẹ́yìn náà òdo. Bí ó bá já sí òdo ní ìgbésẹ̀ tó yẹ, ìyẹn nọ́ńbà tó wà lórí 2 dín ní 2, nọ́ńbà náà kò ṣé pín. Bí kò bá já sí òdo, ó ṣé pín. Fún 2,047, ìgbésẹ̀ kẹsàn-án fi 1,736 sílẹ̀, ẹ ò sì nílò láti mọ 23 tàbí 89 kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Fún nọ́ńbà wa, ìgbésẹ̀ 29 ni.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé mímọ̀ pé nọ́ńbà kan ṣé pín yàtọ̀ sí mímọ ohun tó pín in. Lucas ti fi hàn ní ọdún 1876 pé 2^67 − 1 ṣé pín, ṣùgbọ́n kò rí olùpín kankan. Ọdún 1903 ni Frank Nelson Cole tó dìde ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà, tó sì kọ ọ́ sójú pátákó pé 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287 ni.

Oníkóòdù Èkó

Bàbá, mo tọrọ gáfárà fún ọ̀rọ̀ mi ìjọ́sí. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí i pé ẹni kan wà lóòótọ́ tó lo nọ́ńbà yìí nítorí pé kò ṣé pín, àmọ́ kì í ṣe àwọn tó ṣe bíìtì. Àwọn tó ń ṣe ètò tó máa ń mú nọ́ńbà jáde bí ẹni da ayò ni. Wọn a mú nọ́ńbà kan, wọn a fi 16,807 sọ ọ́ di púpọ̀, wọn a sì mú àṣẹ́kù rẹ̀ lọ́dọ̀ 2,147,483,647. 16,807 jẹ́ 7 tó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ọ̀nà márùn-ún, àyípo rẹ̀ sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi kan gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 2,147,483,646 kó tó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà kan ṣoṣo tí ọjọ́ rẹ̀ ju bílíọ̀nù méjì lọ.

Olùkọ́ Kékeré

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin olóore mi. A ti ṣe é. Ọmọ méjì kò wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo gba mẹ́rìnlélógún tó yẹ kó kan wọn. A fi ọjọ́ yẹn kọ́ àyípo 23, a ṣe 47 lójú pátákó, a sì fagi lé gbogbo èyí tí 3, 5, 7, 11 àti 13 lè pín. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ni kò ní ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ mọ́, inú wọn sì dùn.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ilé ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn fi pariwo pé, "Sà, ó pín! Ó pín!" Ọkàn mi fò. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Mo pè é wá síwájú. 993 ló ń dán wò, èyí tó jẹ́ 248 lọ́nà mẹ́rin tí a fi 1 kún. Ó kọ ọ́ sójú pátákó: 1,024 fi 31 ṣẹ́kù, 31 tó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ jẹ́ 961, 961 lọ́nà 31 jẹ́ 29,791, yọ 993 lọ́nà 30 kúrò, ó ku 1. Mo wò ó títí, n kò rí àṣìṣe kankan nínú ìsọdipúpọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bi mí léèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ló sọ láti orí àga rẹ̀ pé, "2^30 nìyẹn, kò ì tíì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì." Ó sọ òtítọ́. Ọmọkùnrin náà gbàgbé ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn, kò sì tún fagi lé 993 tí 3 pín. Kí agogo tó lu, gbogbo wọn ti parí, kò sí ẹni tó rí 1 mọ́, àmọ́ mo ṣì gba ìwé wọn délé láti tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣàlàyé ohun méjì. Èkíní, ṣé àṣìṣe lásán ni 993 yẹn? Èkejì, nígbà tí a ń jáde, ọmọbìnrin yẹn tún bi mí pé bí 31 bá fún wa ní 2^31 − 1, ṣé a lè gbé 2,147,483,647 fúnra rẹ̀ sórí 2, kí a yọ 1, kó tún jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́?

Bàbá Oníṣirò

Ẹ bá mi kí ọmọkùnrin yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó rí jẹ́ òtítọ́, aládùúgbò nọ́ńbà wa ló kàn kọ lu. Bí 2^30 bá fi 1 ṣẹ́kù lọ́dọ̀ 993, ìlọ́po méjì rẹ̀ yóò fi 2 ṣẹ́kù, nítorí náà 993 pín 2,147,483,646 láìṣẹ́kù, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 2,162,622. Aládùúgbò yìí rọrùn láti tú palẹ̀: 2, 3 lẹ́ẹ̀mejì, 7, 11, 31, 151 àti 331 ni wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀ láti kọ́ ọ. 1 péré ló wà láàárín òun àti nọ́ńbà tí ẹyọ kan kò lè bọ́ lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wá 3 àti 331 nínú 993 fúnra rẹ̀.

Àdùkẹ́ Òkè-Òkun

Ẹ gbé ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn fún mi, Olùkọ́. Ìbéèrè náà ní ìdí, nítorí pé 3 fún wa ní 7, 7 fún wa ní 127, 127 fún wa ní 2^127 − 1 tí Lucas fi ẹ̀rí gbé kalẹ̀ ní ọdún 1876, gbogbo wọn sì jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. 5 fún wa ní 31, 31 fún wa ní nọ́ńbà wa yìí. Ibẹ̀ ló já sí. 2^2,147,483,647 − 1 ṣé pín, ọ̀kan nínú àwọn olùpín rẹ̀ sì ni 295,257,526,626,031. Kó má gbà mí gbọ́ lásán. Òfin Bàbá sọ pé olùpín yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 4,294,967,294, tó jẹ́ ìlọ́po méjì nọ́ńbà wa, tí a fi 1 kún. Kó fi 68,745 sọ 4,294,967,294 di púpọ̀ lórí ìwé, kó sì fi 1 kún un.

Olùkọ́ Kékeré

Ó ṣe é ní àkókò ìsinmi, ó lo ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Dígíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló pé, ó sì bá a mu.